Ìpàtẹ Ajá Àdúgbò, Tírénà àbí Ẹ̀yìnkùlé: Èwo Ló Ń Múra Ajá Sílẹ̀ fún Agility n'Ìbàdàn?

Tanímọ̀la, ajá mi, lè fo ògiri ẹ̀yìnkùlé wa ní Àkóbọ̀ láì fẹsẹ̀ kàn án. Bó bá sáré yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un lọ síbi tí àwọn alájá bíi tèmi pé jọ sí, mo pè é títí, kò tiẹ̀ yí ọrùn. Lásípíkà ń ké, ajá bí ogún ń gbó mọ́ra wọn, àwọn ọmọdé ń sáré kọjá, ẹnì kan sì ń yan súyà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ohùn mi ti ń há, ajá mi ń wo súyà.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé fífò kọ́ ni wàhálà ẹni tó bá fẹ́ gbé ajá láti Ìbàdàn lọ sí ìdíje agility. Ajá tó lè fò kún ìlú. Èyí tó ṣọ̀wọ́n ni ajá tí etí rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo. Ọ̀nà márùn-ún ni mo ti rí tí àwọn alájá ìlú wa ń gbà múra, mo sì fẹ́ kí á gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹni tó ń rò ó lè mọ èyí tó bá ajá rẹ̀ àti àpò rẹ̀ mu.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń múra fún. Agility ni eré tí ajá ti ń sáré gba ìdènà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀pá tí yóò fò, ihò gbọọrọ tí yóò gbà wọlé jáde, òpó méjìlá tí yóò máa yí wọ̀ yí jáde láàárín wọn, afárá pákó, jangirọ́fà, àti pákó méjì tí wọ́n fi orí kan ara wọn bí òrùlé. Nínú òfin FCI, àjọ àgbáyé àwọn alájá, ìdènà 15 sí 22 ni wọ́n ń tò. Alájá á rin ojú ọ̀nà náà wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ajá ò ní bá a rìn ín. Tó bá di eré, okùn á kúrò lọ́rùn ajá. Alájá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ mú ẹran tàbí bọ́ọ̀lù dání. Ohùn rẹ̀ àti bó ṣe ń gbé ara rẹ̀ nìkan ló kù. Ọ̀pá kan tó bá jábọ́, àmì ẹ̀bi 5. Ajá tó bá kọ ìdènà nígbà mẹ́ta, eré ti parí fún un lọ́jọ́ náà.

Òfin wọ̀nyẹn, etí ni púpọ̀ nínú wọn ń dán wò. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè mi àkọ́kọ́ fi jẹ́: ṣé ọ̀nà yìí ń kọ́ ajá láti gbọ́ràn láàárín ariwo? Ìkejì: ṣé ó ń kọ́ ọ ní ìdènà fúnra rẹ̀? Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń béèrè ewu rẹ̀, ìyẹn àìsàn, ìjà àti ìpalára oríkèé. Lẹ́yìn náà, iye tí yóò ná wa, àti bóyá a lè gbọ́kàn lé e pé yóò wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: irú ajá wo ló wà nílé yín? Boerboel tó wọn ju 60 kílò àti ajá ìbílẹ̀ tó fúyẹ́ bí ewé kò lè gba ọ̀nà kan náà.

Ìpàtẹ ajá àdúgbò

Èyí tí kò ní àjọ ńlá lẹ́yìn ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ á lọ lórí WhatsApp, wọ́n á gba pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tàbí àgbàlá gbọ̀ngàn ayẹyẹ, wọ́n á fi okùn pààlà sí àárín, dókítà ẹranko tàbí ẹni tó ti pẹ́ nídìí ajá sínsìn á ṣe adájọ́. Ajá tó tóbi jù, ajá tí irun rẹ̀ mọ́ jù, ajá tó gbọ́ràn jù, ọmọdé àti ajá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ìran. Irú rẹ̀ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́. Tiwọn tiẹ̀ máa ń ní ẹ̀bùn fún ajá tó mọ ìrù jù jù lọ, owó tí wọ́n bá pa níbẹ̀ sì sábà máa ń lọ fún iṣẹ́ àánú.

Àwọn kan ń fojú di irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò sí lára wọn. Agility gan-an, inú ìpàtẹ ajá ni wọ́n bí i sí. Ní 1978, níbi ìpàtẹ ajá Crufts ní London, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n á fi dá èrò lára yá láàárín ètò kan sí èkejì. Wọ́n wo bí ẹṣin ṣe ń fo ìdènà níbi ìdíje, wọ́n ní kí ajá náà wá ṣe é. Àárín ariwo àti èrò ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, àárín ariwo àti èrò ni wọ́n sì ṣì ń ṣe é títí dòní.

Ohun tí ìpàtẹ ń kọ́ ajá pọ̀ ju èyí tí ojú ń rí lọ. Ìrìnàjò wà níbẹ̀: ajá tí kò wọ ọkọ̀ rí á máa bì, á máa gbọ̀n, nígbà tó bá fi dé pápá, okun ti tán nínú rẹ̀. Dídúró de àyè ẹni wà níbẹ̀, èyí tó le fún ajá ju fífò lọ. Ọwọ́ àjèjì náà wà níbẹ̀, ìyẹn sì ṣe pàtàkì gan-an. Kí ajá tó díje nínú agility, wọ́n á wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká kí wọ́n lè mọ ìpele tó wà. Lábẹ́ FCI, èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 35 wà ní ìpele kékeré. 35 sí 43 tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà 43 sí 48, èyí tí Tanímọ̀la bọ́ sí. 48 lọ sókè ni ìpele ńlá. Ẹni tí ajá kò mọ̀ rí ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ohun ìwọ̀n. Ajá tí adájọ́ ìpàtẹ ti fọwọ́ pa lẹ́yìn rí, tí wọ́n ti la ẹnu rẹ̀ wo eyín rí, kò ní ka ìyẹn sí ìjà.

Àmọ́ ẹ má lọ bí mo ṣe kọ́kọ́ lọ. Ìdíje mẹ́rin nínú ìpàtẹ ni mo forúkọ ajá sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lásípíkà torí pé ibẹ̀ ni ibòji wà. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ajá. Nígbà kejì, mi ò forúkọ sílẹ̀ rárá. Eteetí pápá la dúró sí, bí ìṣísẹ̀ ogójì sí ariwo, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ màlúù sísè tí mo gé wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá. Bó bá ti wojú mi fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹ̀dọ̀. Nígbà tó ń wò mí léraléra, mo fi ìṣísẹ̀ márùn-ún sún mọ́ ariwo. Bó bá gbàgbé mi, a padà sẹ́yìn. A ò lò ju wákàtí kan lọ, a sì kúrò níbẹ̀ nígbà tó ṣì ń wù ú. Ìgbà kẹta la tó wọ ìdíje kan ṣoṣo, ti ajá tó gbọ́ràn. A ò gba ẹ̀bùn kankan. Inú mi dùn dé ilé, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ “jókòó” tó jókòó.

Eteetí pápá yẹn náà ni mo ti fi okùn mítà mẹ́wàá kọ́ ọ láti máa padà wá tí mo bá pè é. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ tó ń da ajá nínú igbó mọ̀ pé fèrè yẹn lòun fi so ajá mọ́ra. Èmi náà ra fèrè kékeré kan, kò sì sígbà tí mo fọn ọ́n tí ẹ̀dọ̀ ò tẹ̀lé e.

Ohun tí ìpàtẹ kò lè fún yín ni ìdènà. Àwọn olùṣètò kan máa ń so táyà mọ́ igi pé kí ajá fò gba inú rẹ̀, èrò á sì pàtẹ́wọ́. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi fò ó. Táyà ìdíje, wọ́n ṣe é kó lè ya bí ajá bá kọlù ú. Táyà tí wọ́n dè pa kì í yà, kọnkéré ló sì sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀.

Ewu tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àìsàn. Níbi ìpàtẹ kan, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gba owó wa, kò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi gbé ọmọ ajá rẹ̀ wá, èyí tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ pé. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ ajá náà ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní Parvo ni. A sin ín sábẹ́ ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé, àbúrò mi ò sì tíì gba ajá mìíràn títí di ìsinsìnyí. Kòkòrò Parvo lè wà nínú ilẹ̀ pápá fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, nítorí náà kì í ṣe ajá aláìsàn tí ẹ rí lójú nìkan ló léwu. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí ọmọ ajá á fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́ta, dókítà á sì sọ ìgbà tí ẹ óò tún un gbà. Ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí fún ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbà, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, sì jẹ́ ọjọ́ tó dára láti fi máa yẹ káàdì wò lọ́dọọdún. Ìpàtẹ tí wọn ò bá ti béèrè káàdì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ yí padà. Ẹ jẹ́ kí owó ọkọ̀ yẹn ṣòfò.

Owó ọkọ̀ yẹn gan-an ló sì máa ń wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Onímáíkírà tó máa kó ajá pọ̀ mọ́ èrò ṣọ̀wọ́n. Dúróòpù lẹ óò gbà, ẹ óò sì tẹ́ aṣọ sórí ìjókòó kẹ́ ẹ tó bẹ̀ ẹ́. Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, ìpàtẹ àdúgbò kò lágbára níbẹ̀. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, òjò lè sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n pè ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, nígbà tí oòrùn ti gbóná jù fún ajá, ẹranko tó jẹ́ pé mímí hẹlẹ ló fi ń mú ara rẹ̀ tutù. Ẹ gbé omi tó pọ̀ dání, kẹ́ ẹ sì ní èrò àtipadà sílé lọ́kàn.

Ìpàtẹ oníwèé ìran

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ìrísí ajá, ìrìn rẹ̀ àti ìran rẹ̀ ni adájọ́ ń wò. Ó ná ni lówó: ìwé, ìtọ́jú irun, nígbà mìíràn ìrìnàjò lọ sí Èkó. Ajá ìbílẹ̀ kò láyè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú agility, ní ọ̀pọ̀ ibi, ayé rẹ̀ gbòòrò: Kennel Club, àjọ alájá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gba ajá tí kò ní ìran mímọ̀ wọlé, AKC, àjọ alájá Amẹ́ríkà, náà ṣílẹ̀kùn fún wọn ní 2010. Bí ẹ bá ti ní ajá oníwèé, tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ máa lọ. Fún agility, ohun tó ń fúnni kò ju ti ìpàtẹ àdúgbò lọ, iye rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì.

Tírénà

Púpọ̀ nínú àwọn tírénà tó wà n'Ìbàdàn, iṣẹ́ ajá ọlọ́dẹ ni wọ́n mọ̀: kí ajá gbó, kó ṣọ́ géètì, kó di apá olè mú. Iṣẹ́ gidi ni, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n débi pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ajá tí wọ́n ti fi pàṣán kọ́ kì í sáré dáadáa nínú agility. Ó máa ń wẹ̀yìn kó tó wọ ihò, ó ń ṣọ́ ibi tí ìyà yóò ti wá. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi tírénà kò ju méjì lọ. Kí ló máa ń ṣe bí ajá bá ṣe àṣìṣe? Ṣé ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń kọ́ ọ?

Ìbéèrè kejì yẹn ló ṣe kókó. Àwọn tó ń gbé ajá lọ sọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí mẹ́fà máa ń dá ajá tó gbọ́ràn padà, ṣùgbọ́n wọn ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nínú agility, ẹ̀yin lẹ máa wà nínú pápá. Tírénà tó bá ń wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń kọ́ ẹ̀yin láti kọ́ ajá yín, sàn fún iṣẹ́ yìí ju èyí tó ń gbé ajá lọ. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo ọ̀nà tí mò ń sọ, owó oṣooṣù sì ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òjò kì í sábà dá a dúró, bí ajá bá sì ní ìbínú, òun nìkan ló lè bá yín yanjú rẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé yín

Ibí ni ajá ti ń kọ́ ìdènà, kò sí ibòmíràn tó rọrùn tó o. Páìpù oníke tí wọ́n fi ń fa omi ló dára jù fún ọ̀pá ìfò, torí ó fúyẹ́, kò sì ní ṣe ajá léṣe bó bá fẹsẹ̀ kàn án. Ẹ gbé e lé ohun tí yóò ti jábọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe dè é. Páìpù náà lẹ máa rì mọ́lẹ̀ fún òpó yíyí, kí ìkan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 60. Mẹ́fà tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Òpó àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà lápá òsì ajá bó bá ń wọlé. Ẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, torí àtitún un kọ́ ajá tó ti mọ apá kejì, iṣẹ́ ńlá ni. Fún afárá, ẹ ra pákó ní ọjà pákó Bódìjà, fífẹ̀ rẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ da yanrìn sínú ọ̀dà tẹ́ ẹ máa fi kùn ún kó má baà yọ̀. Afárá ìdíje ga ju mítà kan lọ, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti tó fún ilé. Òrùlé pákó ní tirẹ̀ máa ń ga tó mítà 1.7 níbi ìdíje; ẹ má kàn án sílé fúnra yín.

Gíga tí ajá ń fò ni àwọn èèyàn fi ń yangàn jù, òun ló sì yẹ kẹ́ ẹ kánjú sí kéré jù. Egungun ajá ńlá lè máa dàgbà títí di oṣù 18, oṣù 18 náà sì ni FCI fi lélẹ̀ pé ajá gbọ́dọ̀ pé kó tó díje. Títí di ìgbà náà, ẹ tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gbé e dé orókùn ajá, kó kọ́ ọ̀nà àti etí. Ẹ má fò lórí kọnkéré tàbí interlock láé. Koríko tàbí yanrìn ni. Ẹni tó bá ń gbé ilé onílé, tí àgbàlá rẹ̀ jẹ́ ti ayálégbé mẹ́jọ, kò ní rí ọ̀nà yìí lò.

Àléébù ẹ̀yìnkùlé ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ajá á mọ gbogbo rẹ̀ nílé, kò ní mọ ìkankan níta.

Ẹgbẹ́ àárọ̀ Sátidé

Alájá mẹ́ta sí márùn-ún, pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fún wọn láyè láti lò, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹnì kan á gbé páìpù wá, ẹlòmíràn á gbé pákó. Ìnáwó rẹ̀ kéré, ajá á rí ajá mìíràn láìsí lásípíkà, káàdì abẹ́rẹ́ gbogbo wọn á sì wà lójú yín. Ìṣòro rẹ̀ ni èèyàn: ìdánwò dé, ìgbéyàwó dé, ẹni tó ní pákó kó lọ sí Abẹ́òkúta. Tiwa ti tú ká nígbà méjì, a sì tún un dá sílẹ̀ nígbà méjèèjì, torí kò sí ohun mìíràn tó dà bí i.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé: ẹ̀yìnkùlé nìkan. Kó mọ orúkọ rẹ̀, kó mọ fèrè, kó máa gba orí pákó tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọjá. Ìpàtẹ kò ní sá lọ.

Ajá tó ti bu èèyàn tàbí ajá jẹ rí: tírénà, ẹ má sì mú un dé ìpàtẹ kankan títí tírénà náà á fi sọ pé ó yá. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ wà níbẹ̀.

Ẹni tó ní ajá ńlá bíi Boerboel tàbí Caucasian, ìpàtẹ àdúgbò á ṣe é láǹfààní púpọ̀ nítorí ìwà, tírénà náà nítorí agbára tí ajá náà ní. Ní ti agility, kó máa fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìgbádùn, kó sì dúró bẹ́ẹ̀; ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù fún oríkèé. Caucasian pẹ̀lú irun rẹ̀ yẹn, ojúmọ́ kùtùkùtù nìkan ni, ọ̀sán Ìbàdàn kò sí fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tàbí Poli tí kò ní àgbàlá: ẹgbẹ́ àárọ̀ Sátidé, kó fi ìpàtẹ àdúgbò kún un lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì. Ẹni tó lówó ṣùgbọ́n tí kò láyè, kó gba tírénà tó ń wá sílé, kó sì rí i pé òun fúnra rẹ̀ di okùn mú ní ìdajì àkókò náà.

Ajá ìbílẹ̀ tó fúyẹ́, tó gbọ́n, tó ń fura sí gbogbo nǹkan, bíi tèmi: ẹ̀yìnkùlé lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹgbẹ́ ní Sátidé, ìpàtẹ láti eteetí pápá wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa wọ ìdíje kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ẹ bá fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan níbi tí súyà ti ń ta sánsán, tí ajá yín sì yí padà kó tó gba ẹ̀dọ̀, ẹ gbé ọ̀pá sókè. Ó tó àsìkò.

Tanímọ̀la ṣe é ní ìpàtẹ kẹjọ.